Ohun Tí Mo Rí Nínú Ọ̀dà Dúdú

Ọ̀fà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Sàídátù, ọmọ mi àtàtà, ọmọ Ìyèrú Ọ̀kín,

Kí Ọlọ́hun tí ó mú ọ dé Lọ́kọ́ja láyọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ tutù sí ọ lẹ́sẹ̀. Ara mi le. Ara ìyá rẹ náà le, àfi orúnkún tí ó máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ó ti sọ ọ́ di iṣẹ́, òun ni ó ń sọ ojú ọjọ́ fún gbogbo àdúgbò báyìí.

O pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ pé o ti ra ọkọ̀ tí o ó máa gbé lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ tuntun ní ọsibítù, o ní dúdú ni. Inú mi dùn, mo ṣàdúrà. Lẹ́yìn náà ni o wá bi mí ní ìbéèrè méjì. O ní kí ni o máa ṣe tí ọ̀dà rẹ̀ yóò fi máa dán, nítorí pé bí oòrùn bá ti ràn sí i, ìlà wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn ni ó kún orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. O tún ní, "Daddy, ọkọ̀ dúdú tí ẹ ní nígbà tí mo wà ní kékeré, ta ni ẹ tà á fún?" Mo ní n ó kọ̀wé sí ọ. O rẹ́rìn-ín, o ní ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí. Èmi ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, ibì kan náà sì ni ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì wà.

A kò ta ọkọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo rà á, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgé-tàgé ni. Ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlemọ̀nà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀kadà ni mo sì ń gùn lọ gùn bọ̀. Kí n tó dé ọ́fíìsì, eruku pupa á ti sọ aṣọ funfun mi di ti ẹni tí ó yí nínú ebè. Mo lọ sí Ìlọrin, mo rí ọkọ̀ kan lọ́wọ́ oníṣòwò ọkọ̀. Ó dúdú bíi kóró iṣin. Mo yí i po, mo rí ojú ara mi nínú ilẹ̀kùn rẹ̀, mo ní kò sí èyí tí mo tún ń wá. Ìwé rẹ̀ pé, ẹ̀rín náà sì pé lẹ́nu ẹni tí ó ń tà á. Mo gbé e wálé, ìyá rẹ wọ́n omi sí táyà rẹ̀, àwọn aládùúgbò kí wa kú oríire.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ nípa ọkọ̀ dúdú nìyí: kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ funfun lè gbé ìdọ̀tí fún ọ̀sẹ̀ kan, ojú kò ní í tì ọ́. Ti dúdú kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí ó wà lára rẹ̀ ni ó ń fi hàn, àti gbogbo ohun tí ó bá dúró níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fọ̀ ọ́, ìyà ni mo fi jẹ ẹ́. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta. Mo da ọṣẹ ẹlẹ́búlúbú tí ìyá rẹ fi ń fọṣọ sínú garawa, mo mú kànìnkànìn, mò ń gbo ọkọ̀ bí ẹni ń gbo ìdí ìkòkò. Kí n tó dé ẹ̀yìn, iwájú ti gbẹ, àmì funfun tò sí i lára bí ẹfun. Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọ pọ̀n. Ó ní, "Bàbá Sàídá, ṣé ọkọ̀ ni ẹ ń fọ̀, àbí ẹ ń bá a jà?"

Nítorí náà, ọmọ mi, èkínní: má fọ ọkọ̀ dúdú nínú oòrùn. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni, lábẹ́ ibòji. Gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá gbóná, fi í sílẹ̀ kí ó tutù. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ni kí o rà. Ọṣẹ ìfọṣọ àti ti ìfọwo máa ń bọ́ ìda tí ó ń dáàbò bo ọ̀dà. Garawa méjì ni kí o gbé kalẹ̀, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi lásán tí o ó ti máa ṣan aṣọ tí o fi ń fọ̀ ọ́ kí o tó dá a padà sínú ọṣẹ. Kọ́kọ́ fi omi ṣan eruku kúrò. Má ṣe fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ láé, iyanrìn ni. Láti orí òrùlé ni kí o ti máa bọ̀ wá sísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ẹrẹ̀ pọ̀ sí. Bí aṣọ náà bá bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, má tún lò ó lọ́jọ́ náà. Ẹyọ iyanrìn kan ṣoṣo lè kọ ìlà tí o kò ní í lè pa rẹ́. Bí o bá ti ṣan án tán, má jẹ́ kí atẹ́gùn bá ọ gbẹ ẹ́. Mú táwẹ́ẹ̀lì rírọ̀, tẹ́ ẹ lé e, tẹ̀ ẹ́, gbé e. Má wọ́ ọ.

Mo ti ń mọ gbogbo ìwọ̀nyí díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ ọdún náà dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé láti mọ́sáláṣí, mo ti géètì, mo fọ ọkọ̀, mo gbẹ ẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi pọ́líìṣì pa ilẹ̀kùn awakọ̀. Ilẹ̀ ti mọ́, ṣùgbọ́n kùrukùru bo gbogbo àgbàlá, mò ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn lójú pópó láìrí wọn. Mo lóṣòó, mò ń yí ọwọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀dà náà ṣe ń mọ́ ni mò ń rí ojú mi nínú rẹ̀. Mo rí fìlà mi. Mo rí ògiri tí ó wà lẹ́yìn mi, mo rí géètì. Mo wá rí ẹnì kan tí ó dúró láàárín èmi àti géètì.

Ọkùnrin ni. Ó ga. Fìlà rẹ̀ gẹ̀ sí òsì, ó fi ọwọ́ kan lé ìbàdí, ó dúró bí ẹni tí ó ń retí kí wọ́n bá òun parí nǹkan. Mo rò pé àlejò ni. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n nu ọwọ́." Mo yí ojú padà.

Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Géètì wà ní títì bí mo ṣe tì í.

Mo sọ fún ara mi pé kùrukùru ni, pé oorun ṣì wà lójú mi. Mo parí iṣẹ́ mi, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún jókòó ti ilẹ̀kùn yẹn, ó tún wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Bí mo bá ti pa á dán débi tí mo lè ka irùngbọ̀n ara mi nínú rẹ̀ nìkan ni. Kò sún mọ́ mi, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń dúró.

Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ gbé omi wá fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé garawa kalẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sí ilẹ̀kùn, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, kò nàró. Ó rọra ní, "Bàbá Sàídá, ta ni ó dúró sẹ́yìn wa?"

Mo ní, "Ìwọ náà rí i?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Áyátù Kúrísíyù, èmi náà sì gbè é. Nígbà tí a kà á tán tí a tún wò, àwa méjì nìkan ni ó wà nínú ọ̀dà.

Ohun tí ó dẹ́rù bà wá jù kò tíì dé. Ìwọ ni. O máa ń rìn tàgé-tàgé lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, o ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, o ó máa jù ú bí ọmọdé ṣe ń juwọ́ sí ẹni tí ó ń lọ. Ìyá rẹ ní, "Sàídá, ta ni ò ń juwọ́ sí?" O ní, "Bọ̀dá." Ó ní bọ̀dá wo? O fi ìka kan ọ̀dà náà. O ní, "Bọ̀dá ń rẹ́rìn-ín." Ọmọ mi, bí o bá rántí pé ìyá rẹ kì í jẹ́ kí o ṣeré nítòsí ọkọ̀ nígbà náà, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Inú bí mi. Mo pinnu pé ọ̀dà ilẹ̀kùn yẹn ni kò dára, pé bí mo bá yọ ojú rẹ̀ kúrò, gbogbo rẹ̀ á tán. Mo ra kọ́mpáńdì, èyí tí ó le, tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ fi ń yọ ìlà jíjìn. Mo fi í gbo ilẹ̀kùn náà tagbára-tagbára, mò ń gbo ó, mò ń gbo ó, apá ń ro mí, n kò dúró. Nígbà tí mo fi omi ṣan án, mo rí i pé dúdú ti tán ní etí ilẹ̀kùn. Ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe irin. Búlúù ni, búlúù títàn bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò.

Jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró níbí, kí n sọ èyí tí ó kàn ọ́. Kọ́mpáńdì kì í ṣe pọ́líìṣì. Ọ̀dà ọkọ̀ kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ, gbogbo ìgbà tí o bá sì gbo ó, ò ń mú díẹ̀ lọ. Fún ìlà bí òwú aláǹtakùn tí o sọ yẹn, pọ́líìṣì tí ó kúnná jù ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Bọ́ òrùka àti agogo ọwọ́. Fi ìwọ̀n orí ìka nínú rẹ̀ sórí aṣọ rírọ̀, pa ibi tí kò ju ojú àwo ìjẹun lọ lẹ́ẹ̀kan, rọra yí i, má tẹ̀ ẹ́, fi aṣọ mìíràn tí ó mọ́ nù ún, kí o tó lọ sí ibòmíràn. Yẹra fún etí ilẹ̀kùn àti ibi tí ara ọkọ̀ ti yọ igun, ibẹ̀ ni ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù. Bí ìlà kan bá jìn tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná rẹ fi ń há sí i, fi í sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àpá ni a ń fi agbára yọ.

Mo gbé ọkọ̀ náà lọ bá Múfú, ẹni tí ó ń kun ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wo ibi tí ilẹ̀kùn ti so mọ́ ara ọkọ̀, ó yọ rọ́bà etí rẹ̀ sílẹ̀. Búlúù ni gbogbo abẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, búlúù ni ọkọ̀ yín. Ẹni tó kun dúdú yìí kánjú ni. Ó kàn fi bo ojú ni." Mo ní kí ló lè mú kí ènìyàn kánjú kun ọkọ̀? Ó wojú mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bi mí."

N kò bi í. Mo gbé ọkọ̀ mi padà sílé.

Kò pẹ́ sí i, ọ̀rẹ́ mi kan sọmọ lórúkọ ní Ìjàgbò. Èmi, ìyá rẹ àti ìwọ la jọ lọ. Mo gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, níwájú ilé kan tí ó ní òpó méjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀ láti ibi ìsọmọlórúkọ, obìnrin àgbà kan dúró ti ọkọ̀ náà. Kò kí wa. Ó fi ìka kan búlúù etí ilẹ̀kùn, ó ń rọra fi pa á bí ẹni ń pa ojú ọmọ tí ó ń sùn. Ó wá lọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ṣí i, ó fi orúnkún gbé e sókè díẹ̀, ó pa á dé. Kò dún rárá.

Ó yẹ kí o mọ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn kì í pa dé fún àlejò. Ó pẹ́ kí èmi tí mo ni ọkọ̀ tó mọ̀ pé a ní láti gbé e sókè.

Ó ní, "Ṣé Ganíyù ló ní kí ẹ gbé e wá?"

Mo ní, "Màmá, ta ni Ganíyù?"

"Ọmọ mi. Òun ló ni ọkọ̀ yìí. Búlúù ni."

Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ọkọ̀ pọ̀ tí ó jọra o."

Ó na ọwọ́ sí òpó ilé rẹ̀. Ní ibi tí ó tó ìdí ènìyàn, àpá kan wà lára òpó náà, ọ̀dà búlúù sì wà nínú àpá ọ̀hún. Ó ní, "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló fi gbá a níbí nígbà tí ó ń fẹ̀yìn rìn. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọn ò bá gbé e sókè, kì í pa dé. Èrò ló ń kó lọ sí Ìlọrin. Ó jáde láàárọ̀, ó ní òun á tètè dé, kí n gbé oúnjẹ òun sílẹ̀. A wá a dé gbogbo ọsibítù. Àwọn kan ní ó ti sá lọ sí ìlú òkèèrè. Mo ní Ganíyù tí kì í lè sùn láìjẹ oúnjẹ mi?"

Mo mọ ìbéèrè tí ó kàn, n kò sì fẹ́ bi í. Ìyá rẹ ló bi í. "Màmá, báwo ni ó ṣe rí?"

Ojú obìnrin náà tàn. "Ó ga, ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Kì í dé fìlà kó dúró ṣánṣán, òsì ló máa ń gẹ̀ ẹ́ sí. Bí ó bá sì dúró, ọwọ́ kan á wà ní ìbàdí, bí ọ̀gá."

Ọmọ mi, ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, oòrùn mú, síbẹ̀ òtútù gbá mi láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ní, "Màmá, a ó padà wá." Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ. A wọ ọkọ̀. Títí a fi wọ Ọ̀fà, ìwọ nìkan lò ń sọ̀rọ̀ ní ìjókòó ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ọmọdé tí kò lórí tí kò nídìí. O ó sọ díẹ̀, o ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn, o ó tún rẹ́rìn-ín.

Mo tọ Múfú lọ, mo rò ó fún un, nítorí òun nìkan ló ti mọ ìdajì. Ó ní, "Ọ̀gá, owó yín lẹ fi rà á. Bí ẹ bá gbé e lọ fún ọlọ́pàá, ẹ̀yin ni wọ́n á kọ́kọ́ dì mú. Ẹ jẹ́ kí n fi dúdú bo etí yẹn. Kí ẹ kàn yẹra fún ọ̀nà Ìjàgbò." N kò ní í parọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo délé, mo rò ó fún ìyá rẹ. Ó ń bọ́ ọ lóúnjẹ. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Ẹ bò ó. Bí wọ́n bá gbé Sàídá lọ lọ́la, kí ẹni tó bá rí bàtà rẹ̀ náà fi ọ̀dà bò ó."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gbé ọkọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bí Múfú ṣe wí náà ló rí. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ tì mọ́lé. Mo jókòó sórí sìmẹ́ǹtì láìní bàtà lẹ́sẹ̀, mò ń ronú pé òtítọ́ ti mú mi ṣe aṣiwèrè. Màmá Ganíyù ló gbọ́, ló gun ọ̀kadà wá láti Ìjàgbò, ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ náà. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún: "Ẹni tó sin nǹkan, kì í tún un hú wá fún yín. Ẹ tú ọkùnrin yẹn sílẹ̀, n ò sì kúrò níbí." Wọ́n tú mi sílẹ̀. Wọ́n wá oníṣòwò ọkọ̀ náà kàn ní Ìlọrin. Òun náà dárúkọ ẹni tí ó ta á fún un, ẹni yẹn ló sì mú wọn dé inú igbó kan lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn tó wọ ọkọ̀ Ganíyù bí èrò ló pa á, tí wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà lọ. Abẹ́ igi ẹmi ni wọ́n fi í sí. Egungun ni wọ́n bá, àti fìlà rẹ̀.

A kírun sí i lára ní Ìjàgbò, a sin ín. Èmi wà lára àwọn tí ó wọ inú sàárè láti gbà á. Ó fúyẹ́, Sàídá. N kò lè ṣàlàyé bí ó ṣe fúyẹ́ tó.

Nígbà tí ẹjọ́ parí, wọ́n dá ọkọ̀ náà padà fún ìyá rẹ̀. Oòrùn àti òjò àgọ́ ọlọ́pàá ti bà á jẹ́. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣú, ìgbẹ́ ẹyẹ ti jẹ ihò sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Màmá ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun máa tà á, kí òun fi gbẹ́ kànga fún mọ́sáláṣí àdúgbò àwọn lórúkọ Ganíyù, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ kí ọmọ òun jáde nílé ní ìdọ̀tí. Ó ní kí n wá bá òun fọ̀ ọ́.

Mo lọ. Abẹ́ ibòji ilé rẹ̀ ni a ti ṣe é, èmi pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń ṣan aṣọ, mò ń fọ̀. Nígbà tí ó gbẹ, mo pa á ní pọ́líìṣì, mo sì fi ìda kùn ún. Fi èyí sọ́kàn: pọ́líìṣì ń mú kí ó dán, ṣùgbọ́n ìda ni ó ń dáàbò bò ó. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí o fi kùn ún, bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ lára. Dúró kí ó ṣú bí èémí lójú dígí, kí o tó fi aṣọ mímọ́ nù ún kúrò. Bí omi bá ti ń ṣẹ́ kóró-kóró lára ọkọ̀, ìda ṣì wà níbẹ̀. Bí omi bá ti ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti tó àsìkò láti tún un kùn.

Ilẹ̀kùn awakọ̀ ni mo fi parí. Mo lóṣòó síwájú rẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nítorí mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti èmi, ti ìyá rẹ àti tìrẹ. A jọ wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ojú mi wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, òpó ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn wa.

Ó ní, "Ṣé o rí i?"

Mo ní, "Rárá, Màmá."

Ó ní, "Èmi náà ò rí i." Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú, ó gbé garawa, ó dà á nù.

Ẹni tí ó rà á gbé e lọ. N kò mọ ibi tí ó wà lónìí, bóyá ó ṣì ń rìn lójú títì, bóyá wọ́n ti wó o. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ ra ohun tí ẹlòmíràn ti lò, mo máa ń bi í léèrè ọwọ́ ta ni ó ti kọ́kọ́ wà, ojú kì í sì í tì mí.

Ìyókù kò pọ̀. Má gbé ọkọ̀ sábẹ́ máńgòrò, oje rẹ̀ kì í ṣeé yọ. Bí ẹyẹ bá ṣu sí i, má họ ọ́. Gbé aṣọ tútù lé e títí yóò fi rọ̀. Má fi aṣọ ìbokọ̀ bo ọkọ̀ tó ní eruku, atẹ́gùn á máa fi gbo ó bí iyanrìn. Má jẹ́ kí àwọn tó ń fọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà fi àkísà tí wọ́n fi nu ti ẹlòmíràn kan tìrẹ. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o sọ pé bàbá rẹ le. Èyí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ, má gbé ẹni tí o kò mọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ tutù tó.

Ó ku ohun kan. O mọ Màmá Ìjàgbò, ìyá àgbà tí a máa ń lọ kí ní gbogbo Iléyá, tí o rò pé ìbátan ìyá rẹ ni. Òun ni ìyá Ganíyù. O máa ń sá fún un ní kékeré, nítorí ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di ojú rẹ mú, á máa wò ọ́, kò ní í tètè fi ọ́ sílẹ̀. O bi mí nígbà kan pé kí ló ń wá lójú rẹ. Ìdáhùn mi nìyí. Ìwọ ni ẹni tí ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí kẹ́yìn, Sàídá. Ojú tí ó rí i ni ó ń wò.

Ó ti darúgbó gan-an báyìí, ó sì ti béèrè ọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá gba ìsinmi, gbé ọkọ̀ rẹ wá, kí o yà kí i kí o tó délé wa. Ṣùgbọ́n má kàn gbé e dúró níwájú ilé rẹ̀ kí o sì pa ẹ́ńjìnnì. Yọ orí jáde, ké sí i, kí o pe orúkọ ara rẹ sókè kí ó tó dìde. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tí ó dúró lójú ọ̀nà yẹn tí etí rẹ̀ kì í gbọ́, ó sì ṣì máa ń gbé oúnjẹ sílẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, tí ó ń ṣọ́nà dè ọ́.